Ẹ Yéé Fi Wèrè Ìran Tú Ìgbéyàwó Ká

Ẹ ti mọ̀ mí mọ àlàyé Odù, ṣùgbọ́n ìjà ni mo gbé wá lónìí. Mo fẹ́ bá àwọn òbí jà, mo fẹ́ bá àwọn alárinà jà, mo sì fẹ́ bá àwa tí a ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ jà, nítorí pé gbogbo wa ni a jọ ń dá ẹjọ́ kan tí kò tọ́.

Ẹjọ́ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ti gbà láti fẹ́ ara wọn. Ẹbí méjèèjì rán ènìyàn jáde láti wádìí ìdílé ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Wọn kò bá olè níbẹ̀, wọn kò bá apànìyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní àdúgbò sọ fún wọn pé àbúrò ìyá ọmọbìnrin náà ya wèrè ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, pé ó ń rìn kiri inú ọjà kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó wá mú un lọ. Ó parí. Kò sí ìdána mọ́. Bí a bá bi wọ́n léèrè, ìdáhùn wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: wèrè wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní ọdún yìí nìkan, ìyá mẹ́ta ni ó ti bi mí bóyá Ifá kò ní kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín.

Kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ. Àwọn àgbà wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo àìsàn tí í da ọkàn rú. Wọ́n ní wèrè amútọ̀runwá, èyí tí ẹni náà gbé wá sáyé. Wọ́n ní wèrè ìran, èyí tí í tẹ̀lé ẹbí. Wọ́n ní wèrè àfiṣe, èyí tí wọ́n gbà pé ọwọ́ ọ̀tá ni ó fà á. Wọ́n sì ní abisínwín, tí í mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tí ó pín nǹkan sí ìsọ̀rí báyìí mọ̀ pé okùnfà wọn kò jọra. Àwa ọmọ ìkẹyìn ni a kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, tí a sì kọ "ìran" sí i lára. Àní obìnrin tí abisínwín mú fún oṣù méjì, tí ara rẹ̀ yá, tí kò sì tún padà, a óò ka òun náà mọ́ ìran, a óò sì fi dí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́nà.

Èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni àìsàn tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní schizophrenia. Ẹni tí ó ní in a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, a máa gbàgbọ́ pé àwọn kan ń lépa òun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa dàrú, a sì máa fà sẹ́yìn kúrò láàárín àwọn ènìyàn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama títí di nǹkan bí ọmọ 30 ọdún, àsìkò gan-an tí a ń wá aya tàbí ọkọ. Ìdí nìyí tí òun àti ìgbéyàwó fi ń pàdé lójú ọ̀nà. Mo ń lo ọ̀rọ̀ náà "wèrè" nítorí pé òun ni ó máa ń wà lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n bá ń tú ìgbéyàwó ká. N kì í pe aláìsàn kankan bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

N kò wá láti sọ pé àìsàn yìí kì í tẹ̀lé ìdílé. A máa tẹ̀lé e. Irọ́ ni ẹni tí ó bá sẹ́ ẹ ń pa. Irving Gottesman, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù láàárín 1920 sí 1987 jọ, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1991. Nínú 100 ènìyàn tí a kàn bá pàdé lójú pópó, bí ẹyọ ẹnì kan ni àìsàn yìí yóò mú ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni ni ó ní in, ó di 9 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ bàbá tàbí ìyá ẹni, ó di 13. Bí bàbá àti ìyá bá jọ ní in, ó di 46.

Ẹni tí ó ń wá ẹ̀rí láti fi lé ọmọ ọlọ́mọ padà yóò dúró síbẹ̀, yóò ní òun ti borí. Ẹ jẹ́ kí a ka ìyókù. Bí 13 bá ṣàìsàn nínú 100, 87 kò ṣàìsàn. Ọmọ tí àbúrò ìyá rẹ̀ ní àìsàn náà, irú ọmọbìnrin tí mo sọ lókè yìí, 4 nínú 100 ni tirẹ̀; 96 yóò lo ayé wọn láìgbọ́ ohùn kankan. Àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ yóò bí tún jìnnà sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ tìtorí 4 yìí dá ìdána dúró, ẹ̀yin kan náà ni ẹ ń fi ọmọ fún ilé tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pa bàbá, tí ó pa bàbá bàbá, ẹ kò sì rán alárinà kankan lọ wádìí rẹ̀.

Ẹ tún wo ìbejì, nítorí pé kò sí ìran tí ó mọ ìbejì tó wa. Púpọ̀ nínú ìbejì ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti ara ẹyin méjì wá, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n kàn jọ wáyé ní ọjọ́ kan. Nínú irú wọn, bí ọ̀kan bá ní schizophrenia, 17 nínú 100 ni ti èkejì. Àwọn tí ó ti ara ẹyin kan ṣoṣo wá, tí ohun tí wọ́n gbà láti ara bàbá àti ìyá wọn jẹ́ ọ̀kan náà pátápátá, 48 ni tiwọn. Ẹ dúró lórí 48 yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ ìdájọ́ ni, 100 ni ì bá jẹ́. Táyéwò ń ṣàìsàn. Kẹ́hìndé tí ó gba ohun kan náà gan-an wà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ń tajà. Ó ju ìdajì ìgbà lọ tí ó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà gbà wọlé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn, nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀kọ́ rere ni. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 1 nínú 4 ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Jíìnì kan ṣoṣo ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ tíntìntín tí a ń gbà láti ara òbí wa tí ń sọ fún ara bí yóò ṣe kọ́ ara rẹ̀. Òfin rẹ̀ dájú, àyẹ̀wò rẹ̀ sì wà ní gbogbo ìlú ńlá. Àwọn ènìyàn wá mú òfin yẹn, wọ́n fi ran wèrè, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ aṣọ rán bàtà. Schizophrenia kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní 2022, nínú ìwé ìròyìn Nature, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi jíìnì àwọn aláìsàn tí ó ju 76,000 lọ wé ti àwọn aláìlárùn tí ó ju 243,000 lọ. Ibi 287 ni wọ́n rí tí ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó kù. Ibi kọ̀ọ̀kan ń fi díẹ̀ báyìí kún un, bí ẹni bu iyọ̀ ìkasẹ̀ ìka méjì sínú agbada. Kò sí ẹni tí kò ní díẹ̀ lára wọn. Èmi ní in. Ìyá ọkọ ìyàwó tí ó ń pariwo wèrè ìran ní in. Ilé tí ó mọ́ tónítóní tí ẹ ń wá, kò sí lábẹ́ ọ̀run.

Àwọn onímọ̀ a tún máa sọ pé nǹkan bí 80 nínú 100 ni ti àjogúnbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú àwùjọ kan, àti bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe tan mọ́ jíìnì sí. Wọn kò sọ pé 80 nínú 100 ọmọ aláìsàn yóò ṣàìsàn. Ẹ ti rí i pé 13 ni. Mo gbọ́ tí ọ̀mọ̀wé kan túmọ̀ rẹ̀ sódì níwájú èrò, ojú tì mí fún un.

Èyí tí ó lágbára jù lára àwọn jíìnì náà, ó tilẹ̀ ń tako àwọn olùwádìí ìdílé ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn kan wà tí ègé kékeré kan fò lára krómósómù wọn kejìlélógún. Nǹkan bí 1 nínú 4 àwọn bẹ́ẹ̀ ni irú àìsàn yìí ń mú bí wọ́n bá dàgbà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 9 nínú 10 àwọn tí ègé yìí fò lára wọn, kò fò lára bàbá wọn, kò fò lára ìyá wọn. Titun ni ó dé. Alárinà yóò lọ, yóò bọ̀, kò ní bá nǹkan kan ní agbo ilé náà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí bàbá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Iceland ní 2012 fi hàn pé ọdún kọ̀ọ̀kan tí bàbá bá fi dàgbà sí i kí ó tó bímọ, nǹkan bí àyípadà titun 2 ni ó ń kún ohun tí ó ń fún ọmọ náà, a sì ti rí i pé ewu schizophrenia ń ga díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ orí bàbá ti ń ga. Mo ń retí ọjọ́ tí ẹbí kan yóò tìtorí èyí lé olóyè ẹni ọdún 60 padà tí ó fẹ́ fi ọmọge ṣe ìyàwó kẹta.

Nínú àwọn tí àìsàn yìí mú, nǹkan bí 9 nínú 10 ni bàbá àti ìyá wọn kò ní in. Ibi tí ẹ ti ilẹ̀kùn sí kọ́ ni púpọ̀ jù lọ rẹ̀ ń gbà wọlé.

Wọ́n ti dán ọ̀nà yín wò rí, wọ́n sì dán an wò débi tí ẹnikẹ́ni kò tún lè dé. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1916, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ernst Rüdin ṣe ìwádìí lórí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn aláìsàn yìí. Iṣẹ́ ọpọlọ ni nígbà náà. Nígbà tí ó di 1933, ìjọba Hitler ṣe òfin pé kí wọ́n máa sọ àwọn tí wọ́n kà sí alárùn ìran di aláìlèbímọ tipátipá. Schizophrenia wà nínú àkọsílẹ̀ òfin náà, Rüdin sì wà lára àwọn tí ó kọ ìwé àlàyé rẹ̀ fún àwọn dókítà àti adájọ́. Nǹkan bí 400,000 ènìyàn ni wọ́n gé irú ọmọ mọ́ nínú. Láti 1940 sí 1941, wọ́n fi afẹ́fẹ́ olóró pa àwọn aláìsàn tí ó ju 70,000 lọ. Ní 2010, E. Fuller Torrey àti Robert Yolken ṣe ìṣirò àwọn tí ó ní schizophrenia nínú wọn: ó kéré tán, 220,000 ni wọ́n sọ di aláìlèbímọ tàbí tí wọ́n pa. Kí ni èrè rẹ̀? Lẹ́yìn ogun, àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ní Jámánì kò dín kù. Ìran tí wọ́n ní àwọn ti pa run tún yọ láti inú àwọn ilé tí wọ́n kà sí ilé mímọ́.

N kò pe ẹnikẹ́ni nínú yín ní apànìyàn. Mo ń sọ pé ìrònú kan náà ni: pé bí a bá ṣáà ti dí ọ̀nà ìbímọ mọ́ àwọn kan, àìsàn yóò tán. Wọ́n fi ìbọn àti òfin ṣe é, kò tán. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ fi òfófó àdúgbò ṣe é ni yóò tán fún?

Bí jíìnì kò bá dá a ṣe, kí ni ó kù? Gbogbo ọmọ Awo ni ó mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí ní ilé Àjàlá. Àwọn méjì yan tiwọn fúnra wọn láìbéèrè; òjò pa orí wọn lójú ọ̀nà ilé ayé, amọ̀ rẹ̀ sì ṣá. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà rúbọ, ó sì rí ẹni bá a yan èyí tí ó jiná. Òjò kan náà pa á, orí rẹ̀ kò ṣá. N kò fẹ́ràn àwọn tí ń sọ pé gbogbo ohun tí òyìnbó bá rí ni Ifá ti sọ tẹ́lẹ̀. N kò ní sọ pé Àjàlá ń mọ jíìnì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn náà dáadáa yóò rí i pé orí wà níbẹ̀, òjò sì wà níbẹ̀. Àwa ń bi ọmọ ènìyàn léèrè orí nìkan, a kò béèrè òjò.

Òjò náà ní orúkọ. Ìnira nígbà ìbímọ wà lára rẹ̀, igbó mímu ní ìgbà ọ̀dọ́ wà lára rẹ̀, pàápàá èyí tí ó le. Ìdánìkanwà àti ìyà ní ilẹ̀ àjèjì wà lára rẹ̀. Ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, tí wọ́n ṣe ní gúúsù London níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, ní Nottingham àti ní Bristol, fi hàn pé schizophrenia ń mú àwọn adúláwọ̀ tí ó ti Áfíríkà wá tó ìlọ́po 6 ti àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì ń mú àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Caribbean tó ìlọ́po 9. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ àlàyé rẹ̀ yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Jamaica fúnra rẹ̀, níbi tí àwọn òbí wọn ti wá, wọn kò bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, òjò ọ̀tọ̀.

Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, ẹ̀rí wà. Ìbàdàn wà lára ibi mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá lórí schizophrenia ní nǹkan bí ọdún 1968 sí àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún 2, ara àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà ti yá ju ti London àti Washington lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ilé tí kò lé aláìsàn rẹ̀ jáde wà nínú ìdí náà. Kí wọ́n tó ṣe ìwádìí yẹn ni Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Àrọ̀, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, tí ó fi àwọn aláìsàn sí àárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ilẹ̀ tí ó kọ́ ayé ní èyí ni a wá ń jókòó sí tí a ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń bí mi nínú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń ya àwòrán jíìnì ọmọ ènìyàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap, Yorùbá Ìbàdàn ni wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀: bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30, ènìyàn 90. Títí di òní, kò sí ilé ìwádìí jíìnì tí kò mọ orúkọ wa. Síbẹ̀, púpọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n fi rí ibi 287 wọ̀nyẹn jẹ́ ará Yúróòpù, àwọn ará Éṣíà sì tẹ̀lé wọn. Ìṣirò tí a bá gbé ka orí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í bá ẹ̀jẹ̀ wa mu dáadáa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun ní àyẹ̀wò tí yóò fi hàn bóyá ọmọ yín yóò ya wèrè, olè ni. Kò sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó pàápàá, áḿbọ̀sìbọ́sí fún wa.

Mo wá kàn àwa awo. Àwọn kan nínú wa ń jẹ nínú ẹ̀rù yìí. Wọn yóò ní èpè ìran ni, wọn yóò gba ewúrẹ́, wọn yóò gba owó, ẹbí yóò sì gbé aláìsàn pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kí ará ìta má bàa gbọ́, kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè rí ọkọ. Ohun tí ìpamọ́ yẹn ń bàjẹ́ nìyí: bí àìsàn yìí bá ti pẹ́ tó láìrí ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣòro tó láti padà bọ̀ sípò. Ẹ̀rù ìgbéyàwó ni ó ń sọ àìsàn oṣù mẹ́ta di ti ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́wàá yẹn ni àdúgbò sì ń rí tí wọ́n fi ń sọ pé wèrè ìran kì í lọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ kò sí nínú jíìnì ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa tí wọ́n ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú aláìsàn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn òyìnbó rí reserpine nínú irú igi bẹ́ẹ̀ ní 1952, wọ́n sì fi tọ́jú schizophrenia. Oògùn tí ó sàn jù ú lọ ti wà báyìí ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá di aláìsàn mọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó dé ibẹ̀, kí ó má ṣe pe orúkọ Ọ̀sanyìn sí i.

Wọ́n máa ń bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé wàá fi ọmọ tìrẹ fún irú ilé bẹ́ẹ̀?" Màá fi fún un. Ìbéèrè tí màá rán alárinà mi lọ bi wọ́n yàtọ̀ sí tiyín. Níbo ni aláìsàn náà wà lónìí? Ta ni ó ń fún un ní oúnjẹ? Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀, ta ni ó sì ń sin ín lọ rí dókítà? Bí wọ́n bá mú mi wọ yàrá tí ó wà, tí mo bá a lórí ibùsùn tí ó mọ́, tí àwọn ọmọdé ilé sì ń pè é ní bùọ̀dá, màá gba kóló wọn jẹ. Bí wọ́n bá sẹ́ pé kò sí ẹni bẹ́ẹ̀ nílé àwọn, tí mo sì ń gbọ́ ìró ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn ògiri, n óò kó ọmọ mi padà sílé. Fún tọkọtaya náà fúnra wọn, màá sọ pé kí wọ́n lọ bímọ níbi tí agbẹ̀bí tí ó mọṣẹ́ wà, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ igbó, kí wọ́n sọ ìtàn àbúrò ìyá wọn fún un láìfi bò, àti pé bí ó bá di ọmọ ọdún 19, tí ó ní òun ń gbọ́ ohùn, kí wọ́n gbé e lọ rí dókítà ọpọlọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.